Èwo nínú àwọn tọ́ọ̀nù ni wọ́n ń sọ? Amúlétutù tọ́ọ̀nù 2, ọkọ̀ òkun tọ́ọ̀nù 30,000

Àrẹ̀mú_K

Ẹ kú àpérò o, ẹ̀yin àgbà. Mo ń to àwọn ẹ̀rọ àti ẹrù ilé iṣẹ́ kan sínú tábìlì, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló sì ń dà mí láàmú: tọ́ọ̀nù. Ohun tí wọ́n kọ́ wa níléèwé ni pé tọ́ọ̀nù kan jẹ́ 1,000 kílò. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó wà nínú ìwé tí wọ́n kó fún mi.

Ẹ̀rọ amúlétutù kan wà tí wọ́n kọ "tọ́ọ̀nù 2" sí lára, bẹ́ẹ̀ ìwúwo rẹ̀ tí wọ́n kọ sábẹ́ ibẹ̀ kò tó 100 kílò. Ọkọ̀ òkun tó ń kó ọjà wọn jẹ́ tọ́ọ̀nù 30,000, àmọ́ wọ́n ní ó ń gbé tọ́ọ̀nù 52,000. Ẹ̀rọ kan tún wà tí wọ́n fi ń tẹ irin, "tọ́ọ̀nù 100" ni wọ́n pè é, kì í sì í gbé nǹkan kan sókè. Èyí tó wá pin mí lẹ́mìí ni pé wọ́n ka iná mànàmáná tí wọ́n lò lọ́dún ní tọ́ọ̀nù epo, nígbà tí kò sí ẹ̀rọ kan tó ń jó epo níbẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lọ́yẹ̀. Ṣé àṣìkọ ni, àbí báyìí ni wọ́n ṣe ń kọ ọ́?

Amúlétutù_Dé

Àṣìkọ kọ́, àbúrò. Iṣẹ́ ẹ̀rọ atútù ni mo ń ṣe, jẹ́ kí n mú ti amúlétutù.

Kí ẹ̀rọ tó dé, yìnyín ni wọ́n fi ń mú nǹkan tutù. Láwọn ilẹ̀ tí òtútù ti ń mú gan-an, wọ́n á fi ayùn gé e lórí adágún omi tó ti dì, wọ́n á kó o sínú àká, wọ́n á sì fi lẹ́búlẹ́bú igi bò ó kó má baà yọ́. Òwò ńlá ni. Lọ́dún 1806, Frederic Tudor kó yìnyín láti Boston lọ sí erékùṣù Martinique. Nígbà tó yá, yìnyín láti Amẹ́ríkà ń dé Íńdíà. Nítorí náà, nígbà tí ẹ̀rọ wá dé, ohun tí ẹni tó fẹ́ rà á máa ń fẹ́ mọ̀ ni pé yìnyín mélòó ni ẹ̀rọ yìí yóò gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lójúmọ́. Ibẹ̀ ni tọ́ọ̀nù ti wọ inú iṣẹ́ wa.

Ìṣirò rẹ̀ rèé. Tọ́ọ̀nù tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń lò jẹ́ 2,000 pọ́ùn. Kí pọ́ùn yìnyín kan tó yọ́ di omi, yóò gba ooru 144 BTU (BTU ni ìwọ̀n tí a fi ń ka ooru). Sọ 144 di ìlọ́po 2,000, ó di 288,000. Pín in sí wákàtí 24, yóò fún ọ ní 12,000 BTU ní wákàtí kọ̀ọ̀kan. Èyí ni tọ́ọ̀nù kan lọ́dọ̀ wa, ó sì jẹ́ bíi kílówáàtì 3.5. Tọ́ọ̀nù 2 tìrẹ ń kó ooru 24,000 BTU jáde nínú ilé ní wákàtí kan. Kò kan ìwúwo ẹ̀rọ náà rárá.

Jọ̀wọ́, má fi kílówáàtì yẹn ṣe iye iná tí ẹ̀rọ ń jẹ o. Ooru tó ń gbé jáde nìyẹn. Ẹ̀rọ náà kì í fi iná dá òtútù sílẹ̀, ńṣe ló ń fi iná ti ooru síta, èyí tó bá sì dáa lè gbé ooru tó tó ìlọ́po mẹ́ta tàbí mẹ́rin iná tó jẹ. Ibi tí mo ti máa ń rí i tí àwọn èèyàn ń ṣìṣe jù lọ nìyí, wọn á lọ ra wáyà àti ẹ̀rọ amúnáwá tó tóbi ju ohun tí iṣẹ́ náà nílò lọ.

Àrẹ̀mú_K

Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀gbọ́n. Ó ti yé mi. Ṣùgbọ́n 2,000 pọ́ùn tí ẹ dárúkọ yẹn kò tó 1,000 kílò. Ṣé tọ́ọ̀nù ìwúwo pàápàá kò dọ́gba ni?

Akọ̀wé_Ẹrù

Kò dọ́gba o. Mẹ́ta ni tọ́ọ̀nù tó jẹ́ ti ìwúwo gan-an. Ti Amẹ́ríkà, tí wọ́n ń pè ní tọ́ọ̀nù kúkúrú, jẹ́ 2,000 pọ́ùn, ìyẹn 907 kílò. Ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, tọ́ọ̀nù gígùn, jẹ́ 2,240 pọ́ùn, ìyẹn 1,016 kílò. Ti àwọn tó kù láyé ni 1,000 kílò gééré. Ohun tó fà á tó fi jẹ́ 2,240 rèé: àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní ìwọ̀n kan tí orúkọ rẹ̀ fara jọ ọgọ́rùn-ún ṣùgbọ́n tó jẹ́ 112 pọ́ùn, ogún irú rẹ̀ ló sì di tọ́ọ̀nù. Àwọn ará Amẹ́ríkà ní àwọn ò ka ọgọ́rùn-ún sí 112, 100 ni tàwọn, ni tiwọn bá di 2,000.

Má fojú kékeré wo ìyàtọ̀ yìí. Ká ní wọ́n ta èédú tọ́ọ̀nù 50,000, tí ẹni tó tà á ní tọ́ọ̀nù kúkúrú lọ́kàn, tí ẹni tó rà á sì ń retí tọ́ọ̀nù oní 1,000 kílò. Ohun tó máa dín nínú ọjà náà ju 4,600 tọ́ọ̀nù lọ. Ìdí nìyí tí mi ò fi ń fọwọ́ sí ìwé kankan tó bá kàn kọ "tọ́ọ̀nù" láìsọ èwo.

Lọ́dọ̀ àwa tó ń ṣírò owó ẹrù orí òkun, ọ̀kan tún wà tó jẹ́ ìwúwo ní apá kan, tó jẹ́ àyè ní apá kejì. 1,000 kílò jẹ́ tọ́ọ̀nù kan, kúbíìkì mítà kan náà jẹ́ tọ́ọ̀nù kan, èyí tó bá pọ̀ jù nínú méjèèjì la ó gba owó lé lórí. Òwú tó wúwo 2,000 kílò àmọ́ tó gba àyè kúbíìkì mítà 10 yóò san owó tọ́ọ̀nù 10. Kì í ṣe ìrẹ́jẹ. Ọkọ̀ lè wúwo débi tí kò fi gbọ́dọ̀ gba ẹrù mọ́ nígbà tí inú rẹ̀ ṣì ṣófo, ó sì lè kún dẹ́nu nígbà tó ṣì fúyẹ́ lórí omi. Ẹni tó gba àyè gbọ́dọ̀ san owó àyè.

Atukọ̀_Àgbà

Ẹ jẹ́ kí n gbà á níbẹ̀, torí ọ̀dọ̀ àwa tó ń rìn lórí omi ni tọ́ọ̀nù ti wá.

Àgbá wáìnì ni níbẹ̀rẹ̀. Àgbá ńlá kan wà tí wọ́n fi ń kó wáìnì kọjá òkun láyé àtijọ́, tó ń gba gálọ́ọ̀nù 252, bíi lítà 954. Àwọn ọba ń gba owó orí lórí iye irú àgbá bẹ́ẹ̀ tí ọkọ̀ lè kó, bí wọ́n sì ṣe ń fi iye àgbá sọ bí ọkọ̀ ṣe tóbi tó nìyẹn. Tí ẹ bá wọn àgbá náà pẹ̀lú wáìnì inú rẹ̀, ìwúwo rẹ̀ sún mọ́ ohun tí a ń pè ní tọ́ọ̀nù lónìí. Ẹ wò ó dáadáa: àyè ló ṣáájú, ìwúwo ló tẹ̀ lé e. Gbogbo ìdàrúdàpọ̀ tí Àrẹ̀mú rí lára ọkọ̀ yẹn, ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀.

Àrẹ̀mú, tọ́ọ̀nù 30,000 ọkọ̀ rẹ kì í ṣe ìwúwo. Àyè tó wà nínú ọkọ̀ náà ni, látorí yàrá ẹ̀rọ títí dé ibi ẹrù àti ibi tí àwọn òṣìṣẹ́ ń sùn. Láti 1854 ni òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti gba ọ̀nà tí George Moorsom là sílẹ̀ wọlé: kúbíìkì fíìtì 100 nínú ọkọ̀, ìyẹn bíi kúbíìkì mítà 2.83, ni wọ́n kà sí tọ́ọ̀nù kan. Ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ló tẹ̀ lé e. Nígbà tí ó ti jẹ́ pé iye yìí ni wọ́n fi ń gba owó èbúté, àwọn tó ń kan ọkọ̀ wá ọgbọ́n dá sí i. Wọ́n á fi ihò sílẹ̀ níbì kan lórí pèpéle òkè, wọ́n á ní ibẹ̀ ò bò, pé kí wọ́n má kà á mọ́ àyè inú ọkọ̀, bẹ́ẹ̀ ẹrù ni wọ́n ń kó síbẹ̀. Òun ló fà á tí àwọn orílẹ̀-èdè fi péjọ ní London lọ́dún 1969 láti ṣe àdéhùn tuntun. Ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 18 oṣù Keje 1982, wọ́n sì fún àwọn ọkọ̀ àtijọ́ ní ọdún 12 sí i.

Nínú àdéhùn náà, wọ́n á wọn gbogbo àyè tó wà nínú ọkọ̀ ní kúbíìkì mítà, wọ́n á sì sọ ọ́ di ìlọ́po iye kan tó ń ga díẹ̀díẹ̀ bí ọkọ̀ bá ṣe ń tóbi sí i. Fún ọkọ̀ tí àyè inú rẹ̀ jẹ́ kúbíìkì mítà 100,000, iye yẹn jẹ́ 0.30, ìdáhùn sì jẹ́ 30,000. Kò sí kílò níbẹ̀, kò sí kúbíìkì mítà níbẹ̀, nọ́ńbà lásán ni. Àmọ́ òun ni wọ́n fi ń mọ owó tí ọkọ̀ máa san, òun náà ni wọ́n fi ń mọ èyí tó kàn án nínú ọ̀pọ̀ òfin ààbò.

Tọ́ọ̀nù 52,000 ni ìwúwo, 1,000 kílò sì ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ohun gbogbo tí ọkọ̀ lè gbé láìkọjá ààlà ni: ẹrù, epo tó máa jó, omi, oúnjẹ, àti àwọn èèyàn inú rẹ̀. Torí náà ẹrù ọjà gan-an yóò dín sí 52,000 díẹ̀. Ó tún ku ẹ̀kẹta tí wọn ò kọ fún ọ: ìwúwo gbogbo ọkọ̀ pẹ̀lú ohun tó gbé, tó dọ́gba pẹ̀lú ìwúwo omi tó tì kúrò níbi tó wà, gẹ́gẹ́ bí Archimedes, onímọ̀ ilẹ̀ Gíríìkì àtijọ́, ṣe là á sílẹ̀. Irú ọkọ̀ yẹn láìgbé nǹkan kan lè wúwo bíi tọ́ọ̀nù 10,000, nígbà tó bá kún, ó lé ní 60,000. Kí ọkọ̀ gbé ohun tó wúwo jù ú lọ ní ìlọ́po márùn-ún kò ya atukọ̀ lẹ́nu.

Ẹ rántí èyí nígbàkígbà tí ẹ bá ń ka ìròyìn. Ọkọ̀ ogun, ìwúwo omi tó tì ni wọ́n fi ń pè é. Ọkọ̀ èrò, àyè inú rẹ̀ ni. Ọkọ̀ epo rọ̀bì, ohun tó lè gbé ni. Titanic jẹ́ 46,328 tí a bá fi àyè kà á, àmọ́ bíi 52,000 ni tí a bá fi ìwúwo omi tó tì kà á. Ọkọ̀ kan náà nìyẹn. Kéèyàn wá gbé ọkọ̀ ogun tọ́ọ̀nù 100,000 sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ èrò tọ́ọ̀nù 200,000, kó ní èkejì wúwo ju èkíní lọ ní ìlọ́po méjì, kò tọ̀nà rárá.

Àrẹ̀mú_K

Á à! Ẹ ṣeun, bàbá. Ó ku ẹ̀rọ ìtẹrin àti tọ́ọ̀nù epo.

Ìyá_Físíìsì

Ti ẹ̀rọ ìtẹrin rọrùn. Bí ó ṣe ń fi agbára tẹ nǹkan ni wọ́n ń sọ: ó lè tẹ irin mọ́lẹ̀ bí ìgbà tí ohun tó wúwo 100,000 kílò bá jókòó lé e lórí. Nínú ìwé físíìsì, a ó kọ ọ́ ní bíi kílónútọ̀nù 981. Tí kírénì bá wà nínú àkójọ rẹ, ṣọ́ra fún un o, ọmọ mi. Kírénì "tọ́ọ̀nù 100" lè gbé tọ́ọ̀nù 100 kìkì nígbà tí ẹrù bá wà nítòsí ẹsẹ̀ rẹ̀. Bí apá rẹ̀ bá ṣe ń nà síwájú ni ohun tó lè gbé ń dín kù, ó sì máa ń dín púpọ̀. Inú tábìlì tí wọ́n lẹ̀ mọ́ yàrá awakọ̀ rẹ̀ ni òtítọ́ wà, kì í ṣe inú orúkọ rẹ̀. Èèyàn ti kú nítorí èyí.

Tọ́ọ̀nù epo ni mo fẹ́ràn láti kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Agbára ni, kì í ṣe epo. Wọ́n fohùn ṣọ̀kan pé ooru tí tọ́ọ̀nù epo rọ̀bì kan ń mú jáde tó bá jó jẹ́ kálórì bílíọ̀nù 10, tí í ṣe gígájúùlù 41.868, kí wọ́n lè fi ìwọ̀n kan ṣoṣo ka èédú, gáàsì, iná mànàmáná àti igi ìdáná pọ̀. Ní ti iná mànàmáná, tọ́ọ̀nù epo kan jẹ́ 11,630 kílówáàtì-wákàtí. Fi iye yẹn pín iná tí ilé iṣẹ́ náà lò, kí o wò ó bóyá yóò bá ohun tí wọ́n kọ mu. Tí tiwọn bá fi bí ìlọ́po mẹ́ta ju tìrẹ lọ, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé epo tí ibùdó iná ìbá jó kó tó lè mú iná yẹn jáde ni wọ́n kà, nítorí ọ̀pọ̀ ooru ló ń ṣòfò níbẹ̀. Béèrè lọ́wọ́ wọn.

Ẹ wá gbọ́ èyí. Tọ́ọ̀nù agbára mìíràn wà, ti TNT, ohun abúgbàù kan, tí wọ́n fi ń wọn bọ́ǹbù. Kálórì bílíọ̀nù 1 ni wọ́n fi lélẹ̀ fún un, gígájúùlù 4.184. Ẹ fi wé ti epo: epo ju ohun abúgbàù lọ ní ìlọ́po mẹ́wàá! Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ kì í gbà á gbọ́. Ìdí ni pé epo ń gba ọ́síjìn látinú afẹ́fẹ́, nígbà tí TNT gbé èyí tó máa lò pamọ́ sínú ara rẹ̀, ìyẹn sì ń gba àyè nínú ìwúwo rẹ̀. Kì í ṣe pípọ̀ agbára ló ń mú bọ́ǹbù ṣe ọṣẹ́, bí gbogbo rẹ̀ ṣe ń jáde lẹ́ẹ̀kan náà ní ìdá kékeré ìṣẹ́jú àáyá ni.

Bọ́ǹbù tó balẹ̀ sí Hiroshima lọ́dún 1945 jẹ́ bíi tọ́ọ̀nù TNT 15,000. Òkúta ojú ọ̀run tó bú gbàù lókè Chelyabinsk ní Rọ́ṣíà ní ọjọ́ 15 oṣù Kejì 2013 ju 400,000 lọ. Òkúta náà fúnra rẹ̀ wúwo bíi tọ́ọ̀nù 12,000. Tọ́ọ̀nù méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lórí nǹkan kan ṣoṣo, ẹni tí kò bá mọ̀ yóò ní ọ̀kan nínú wọn jẹ́ irọ́. Eré tó ń sá ló mú kí èkejì pọ̀ tó bẹ́ẹ̀: bíi kìlómítà 19 ní ìṣẹ́jú àáyá kan ló fi wọlé.

Ayẹ̀wúràwò

Gbogbo yín ń sọ tọ́ọ̀nù ńláńlá. Tiwa nínú yàrá àyẹ̀wò òkúta wúrà jẹ́ gíráàmù 29.167. Bẹ́ẹ̀ ni, ó wà nínú ọwọ́ kan.

Àwọn tó ń wa wúrà máa ń sọ iye ounce (ìwọ̀n kékeré tí wọ́n fi ń wọn wúrà) tó wà nínú tọ́ọ̀nù kúkúrú òkúta kan. Kò sẹ́ni tó lè yọ́ tọ́ọ̀nù òkúta nínú yàrá àyẹ̀wò. Ni àwọn àgbà iṣẹ́ yìí bá wá ìwọ̀n kékeré tó bá a dọ́gba: tí o bá wọn òkúta lílọ̀ gíráàmù 29.167, tí o yọ́ ọ, tí wúrà tó jáde níbẹ̀ sì jẹ́ mílígíráàmù kan, a jẹ́ pé ounce kan ló wà nínú tọ́ọ̀nù òkúta náà. Kò sí ìṣirò kankan mọ́, ohun tí òṣùwọ̀n bá kọ ni ìdáhùn. Mo kà á sí ọ̀kan nínú ọgbọ́n tó dára jù nínú iṣẹ́ yìí.

Àrẹ̀mú, tí òkúta irin bá wà nínú ẹrù wọn, béèrè bóyá tọ́ọ̀nù tútù ni wọ́n kọ tàbí tọ́ọ̀nù gbígbẹ. Òkúta irin máa ń fa omi, ẹni tó ń rà á kò sì fẹ́ san owó omi.

Afẹ́fẹ́_Mímọ́

Mo fẹ́ fi ọ̀kan kún un, torí ilé iṣẹ́ tó bá ti ń ka agbára yóò ka èéfín láìpẹ́. Tí wọ́n bá kọ "tọ́ọ̀nù kábọ́ọ̀nù", ẹ béèrè bóyá kábọ́ọ̀nù nìkan ni tàbí CO2, ìyẹn afẹ́fẹ́ tí kábọ́ọ̀nù ń dì tó bá jó. Nínú gíráàmù 44 CO2, gíráàmù 12 péré ni kábọ́ọ̀nù, ọ́síjìn ló kó ìyókù. Tọ́ọ̀nù kábọ́ọ̀nù kan tó bá jó di tọ́ọ̀nù CO2 3.67. Àwọn onímọ̀ tó ń ṣèwádìí lórí igbó àti òkun sábà máa ń ka kábọ́ọ̀nù, ìjọba àti ilé iṣẹ́ ń ka CO2, ìyàtọ̀ wọn sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́rin kí ẹnikẹ́ni tó bẹ̀rẹ̀ àríyànjiyàn.

Ìwọ̀n_Kan

Mo ti ka gbogbo ohun tí ẹ kọ, mo sì dúpẹ́, ṣùgbọ́n èrò mi yàtọ̀. Kí ló dé tí a ò fi pa á tì? Ìwúwo ní kílò, ooru ní kílówáàtì, agbára títẹ ní nútọ̀nù, àyè ní kúbíìkì mítà. Gbogbo ewu tí ẹ kà sílẹ̀ yìí, látorí kírénì dé orí èédú, ọ̀rọ̀ tó ń jẹ́ iṣẹ́ mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan náà ló fà á.

Atukọ̀_Àgbà

Ọ̀rẹ́, mo gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n òfin òkun jákèjádò ayé ló so mọ́ nọ́ńbà yẹn. Tí a bá yí i padà lónìí, ọkọ̀ tó wà lábẹ́ òfin kan lánàá lè bọ́ sábẹ́ òmíràn. Nígbà tí wọ́n ṣe àdéhùn 1969 pàápàá, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ wá ìṣirò tí kò ní jẹ́ kí iye tuntun jìnnà jù sí ti àtijọ́. Kì í ṣe àìmọ̀kan ló mú wọn fi sílẹ̀.

Amúlétutù_Dé

Èmi wà láàárín. Ní tèmi, kílówáàtì ni kí wọ́n máa kọ sára ẹ̀rọ, ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ sì ti ń kọ méjèèjì. Àmọ́ tọ́ọ̀nù ń ràn wá lọ́wọ́ lórí nǹkan kan: tí mo bá ní "kílówáàtì 7", oníbàárà á rò pé iná ni. Tí mo bá ní "tọ́ọ̀nù 2", kò lè ṣi í mú fún iná.

Ìwọ̀n_Kan

Ó lè ṣi í mú fún ìwúwo. Ohun tó gbé Àrẹ̀mú wá síbí nìyẹn.

Àrẹ̀mú_K

Ẹ má bínú sí ara yín, ẹ̀yin àgbà mi. Mo ti pa òpó "tọ́ọ̀nù" rẹ́ kúrò nínú tábìlì mi. Òpó méjì ló wà níbẹ̀ báyìí: ohun tí wọ́n ń wọ̀n (ìwúwo, àyè, ooru, títẹ̀, agbára), àti iye rẹ̀ ní ìwọ̀n tó jẹ́ tirẹ̀. Mo fi iye àtijọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí àwọn tó mọ̀ ọ́n lè rí i. Mo ṣe ìṣirò iná tí Ìyá ní kí n ṣe, tiwọn sì fi díẹ̀ dín ní ìlọ́po mẹ́ta ju tèmi lọ. Mo ti kọ̀wé béèrè.

Ìbéèrè kan ṣoṣo ló kù. Nínú ìwé ọkọ̀, wọ́n kọ "MT 48,500". Ṣé mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù ni?

Akọ̀wé_Ẹrù

Rárá. Nínú ìwé òwò, MT jẹ́ tọ́ọ̀nù oní 1,000 kílò, kí ẹnikẹ́ni má baà rò ó sí ti Amẹ́ríkà tàbí ti Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ló ń kọ Mt, pẹ̀lú t kékeré, fún mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù. Tí o bá sì rí M/T níwájú orúkọ ọkọ̀, kò kan ìwọ̀n rárá, ọkọ̀ tó ń gbé epo ni wọ́n ń sọ. 48,500 wà lábẹ́ 52,000 tí ọkọ̀ náà lè gbé, a jẹ́ pé ẹrù gan-an ni wọ́n kọ síbẹ̀, ìyókù ni epo àti omi tó máa lò lójú ọ̀nà. Kọ ọ́ sábẹ́ ìwúwo.